Lẹ́tà U ní Ìwòpin

Káàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n há fún wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì,
a fi rọ́bà dì wọ́n bí owó èésú.
Ìyáàfin Odùfúwà ní, "Kíkà ni kí ẹ lọ kọ́ wọn,
ẹ má sọ wọ́n di ẹ̀yin."
Mo rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́.

Ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní Ìwòpin lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé.
Mo gbé bàtà ọ̀tún dání,
ẹrẹ̀ ti gba tòsì.
Ilé-iṣẹ́ bébà wà níbẹ̀, èyí tí a ń retí bébà rẹ̀
kí wọ́n tó bí mi:
koríko ló ń kọ̀wé sí ògiri rẹ̀,
ewúrẹ́ ló ń kà á.
Ní ilé ẹ̀kọ́, ọmọ mọ́kànlélógójì,
ìwé àjákọ mẹ́sàn-án.

Mo gbé A sókè: ajá. Wọ́n pè é.
B: bàtà. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n pè é.
Mo gbé I sókè, àwòrán iṣu lábẹ́ rẹ̀.
Ọmọ Òtúbánjọ, ẹni tó ń ta epo ọkọ̀ ojú omi ní èbúté,
dìde, ó ní, "Uṣu."
Mo ní, "Iṣu."
Ó wo káàdì, ó wo mí,
bí ẹni tí wọ́n bá jiyàn lórí orúkọ ìyá rẹ̀.
"Uṣu ni. A jẹ ẹ́ lánàá."
Ebíẹ̀rẹ̀ ní buru ni àwọn ń pè é.
Máùtín tẹ́ ọrùn, ó wò ó títí,
ó ní igi ni.

Ó wà nínú ìwé mi, báírò pupa ni mo fi fà á nídìí:
fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá.
Wọ́n bi wá nínú ìdánwò.
Mo gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Òjò ń lu páànù lóru ọjọ́ náà,
èéfín ẹja ìyá Ebíẹ̀rẹ̀ kún inú yàrá mi.
Mo rántí màmá àgbà ní Odòràgúnṣin:
"Ọmọ mi, máa bọ̀ ní ulé."
Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Òde,
tíṣà gbá mi létí lórí rẹ̀.
Láti ọjọ́ náà, ilé ni mo ń wọ̀.
Màmá àgbà dúró ní ulé,
ó ń retí mi,
títí tí wọ́n fi gbé e jáde níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Mo ya páálí bísíkíìtì,
mo gé káàdì kan tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò fún mi.
U. Uṣu. Ulé.
Mo gbé e ti I, mo ní,
"Èyí ni ti ẹnu yín, èyí ni ti inú ìwé."
Ọmọ Òtúbánjọ ní, "Ta ló ni ìwé?"
Mo ní kí wọ́n jáde lọ ṣeré.
Nígbà tí a padà wọlé, Ebíẹ̀rẹ̀ ti fi ẹfun kọ buru
sórí káàdì B,
ó sún bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Ìyáàfin Odùfúwà gun ọ̀kadà dé,
eruku lójú, fáìlì lábẹ́ abíyá.
Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìka ka káàdì ara ògiri.
Ó tún un kà.
Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Ó kọ ìlà méjì; n kò tíì rí wọn dòní.
Ó kàn bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé,
"O ti wá gbọ́ báyìí?"

Ọjọ́ tí mo ń lọ, mo gba iwájú ilé-iṣẹ́ bébà kọjá.
Ẹnì kan ti ro koríko díẹ̀ kúrò lára ògiri,
ó fi èédú kọ ọ́ gàdàgbà, lẹ́tà kan dojú dé:
ULÉ BÉBÀ.
Ewúrẹ́ dúró níbẹ̀.
Èmi náà dúró.