Dígírì Mẹ́tàlélógún

Ìwé ìbéèrè mi jẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá.
Mo gbé e gun òkè lọ́jọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́,
pẹ̀lú òṣùwọ̀n ooru mẹ́ta, kékeré bí ìdérí ìgò:
ọ̀kan fún ilé ìdáná, ọ̀kan fún yàrá ìbùsùn,
ọ̀kan fún ibi tó bá wu onílé.

Níhà àríwá ilẹ̀ Gíríìsì níbí,
wọ́n ti ń jó èédú láti ìgbà ọmọge ìyá Paténà.
Iná rẹ̀ ń sáré lọ sí Áténì,
omi gbígbóná rẹ̀ ń gba páìpù wọlé tọ ará ìlú
bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba iṣan.
Ta ló mọ iye tí ooru ń jẹ́ nígbà náà?
Bó bá mú ọ jù, o ṣí fèrèsé,
òtútù a yà wọlé bí àlejò tí kò ní pẹ́ lọ.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Páìpù pàápàá,
bó ti wù kó gùn tó, á kọ kọ̀rọ̀ níbì kan.
Ọ̀pá èéfín mẹ́rin dúró ní pápá, kò séyìí tó ń mí.
Gíláàsì dúdú ti bo ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lágbẹ̀ẹ́jù,
ó ń jẹ oòrùn,
kò wúkọ́, kò sín.

Ohun rere ni. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ṣírò rẹ̀.
Mo mọ iye èéfín tí ojú ọ̀run bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo yàwòrán ẹ̀rọ tuntun fún Paténà sórí bébà,
èyí tí ń fa ooru jáde látinú afẹ́fẹ́ tútù.
Ó rẹ́rìn-ín. “Ooru látinú òtútù?
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fún omi lára òkúta.”
Ó ní kí n jẹ kéèkì.

Ìbéèrè kẹsàn-án: láti oókan dé àrún,
báwo ni ìyípadà yìí ṣe tẹ́ ọ lọ́rùn tó?
“Oókan fún ta ni? Àrún fún ta ni?
Ọmọ mi wà ní Sítútígáàtì,
ó ń to páìpù sílé onílé.
Kọ ìyẹn síbẹ̀.”
Kò sí àlàfo fún un.
Mo kọ ẹ̀ta.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn nọ́ńbà dé.
Ilé ìdáná: mọ́kàndínlógún lọ́sàn-án, méjìlá lóru.
Yàrá ìbùsùn: mẹ́sàn-án.
Òṣùwọ̀n kẹta: mẹ́tàlélógún, tọ̀sán tòru,
ìlà kan gbọọrọ, kò gòkè, kò sọ̀.
Ọ̀gá mi ní Tẹsalóníkà wò ó fìrí:
“Èyí ti bàjẹ́. Yọ ọ́.”

Mo wọ bọ́ọ̀sì padà lọ.
Paténà ṣí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná.
Bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ dáadáa. Bàtà iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.
Jákẹ́ẹ̀tì lára ìṣó, èédú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹ̀rọ tí ń ranni lọ́wọ́ láti mí, a ti fi aṣọ funfun bò ó.
Sáfásì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú kòtò.
“Dókítà ní yàrá rẹ̀ ò gbọdọ̀ tutù.”
Ìgbà wo ló kú?
“Yóò pé ọdún mẹ́ta ní Oṣù Kọkànlá.
Dókítà ò tíì padà wá sọ pé kí n pa á.”

Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ lọ,
òun fúnra rẹ̀ ń sùn sórí àga lẹ́bàá ààrò.
Mo bọ́ kóòtù mi, mo jókòó.
Mi ò mú gègé jáde.

Nínú ìwé àbájáde wa, ojú ewé igba ó lé méjìlá,
nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́,
ibi tí ọ̀gá mi kì í kà dé:
Ilé kẹtàdínlógún. Òṣùwọ̀n kẹta kò bàjẹ́.