Ohun Tí A Kò Wá

Ní Kutaisi, òjò ń rọ̀ sórí odò Rioni.
Natela bọ́ bàtà tó tutù, ó dùbúlẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ méje péré ni oyún náà;
ọkàn rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí àtùpà.

Mo rí i. Ó yẹ kí n pa ẹ̀rọ.
Ọwọ́ mi ṣì yà sápá ọ̀tún nísàlẹ̀,
níbi tí apẹ́ńdíìsì, ìfun tí a kì í kí,
ti wú, tó gbé kókó kan pọ̀n.

"Ṣé ìbejì ni?" ó béèrè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo nu ìpara tútù kúrò níkùn rẹ̀.
Mo tún un nù.

Ọmọ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ
ló mú wa dé ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀
kí ilẹ̀ tó ṣú.