Ó Lọ́ra Ni, Àbí Ó Ti Kú?

Ritva Kemiläinen kì í pariwo nínú kíláàsì.
Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fa wáyà yọ,
ó ní, "Kemi ti dákẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ẹ̀rọ mẹ́ta la pín iṣẹ́ fún, ní ìlú mẹ́ta:
Oulu, Kajaani, Kemi lẹ́bàá òkun dídì.
Ìwé kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn:
ta ló ni sáúnà ní aago méje alẹ́ Ọjọ́bọ̀?
Ọ̀rọ̀ ooru àti omi lásán ni, ẹ lè fi rẹ́rìn-ín;
ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ méjì bá fi àyè kan fún ẹni méjì,
ìhòòhò ni wọn yóò bára wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Tuukka ló kọ apá tí wọ́n fi ń kíra wọn.
Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan: "Mo wà." "Èmi náà wà."
Bí ọ̀kan bá pa ìkíni jẹ lẹ́ẹ̀marùn-ún,
àwọn yòókù á yan olórí tuntun, iṣẹ́ á máa lọ.
Ó dán an wò títí ilẹ̀ fi mọ́,
ilẹ̀ Oulu nínú oṣù Kejìlá,
tí kì í kánjú mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nínú oṣù Kejì ni Tuukka fúnra rẹ̀ dákẹ́.
Siiri ní ká yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àbọ̀ iṣẹ́.
Aapo ní ká fún un lọ́sẹ̀ kan sí i.
Èmi ń ka iye ìgbà tó ti pa ìkíni jẹ,
kí n tó rántí pé n kò kí i.

Ritva ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, a kọ ọ́, a fàlà sí i nídìí:
ẹni tó wà lókèèrè kò lè mọ̀
bóyá ẹ̀rọ lọ́ra ni, àbí ó ti kú.

Mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá afárá lọ sí Tuira,
yìnyín ń ké lábẹ́ táyà.
Ó ṣílẹ̀kùn, síbí lọ́wọ́, irùngbọ̀n bò ó lẹ́nu.
Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá àgbà kan jókòó,
tí kò dá ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́,
tó ń bi í léraléra pé, "Ta nìyẹn?"
"Tuukka ni. Mo wà."
"Ta nìyẹn?"
"Mo wà."

N kò dárúkọ iṣẹ́. Mo bọ́ bàtà, mo gba síbí.

Ìgbà tí Kemi padà dé, kò sẹ́ni tó bá a wí:
ó ní kí Kajaani ka ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun,
ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn.
Tuukka fa àga, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀.
"Ó dáa," ó ní. "Ibo lẹ dé?"