Ìlà Kẹtàdínlógún

Heino, òru àná ni mo yọ irinṣẹ́ àtijọ́ yẹn kúrò,
èyí tí o fi ń to kóòdù wa pọ̀ láti ọdún mọ́kànlá.
Má bínú.
Àwọn tó ṣe é ti kéde pé àwọn ò ní bójú tó o mọ́,
pé ẹni tó bá ṣì ń lò ó, ọ̀rọ̀ di ti olúwarẹ̀.

Òkun ti dì ní Kuressaare.
Àwọn apẹja ń dúró kí a sọ fún wọn
bí yìnyín ṣe nípọn tó,
ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà, ibi tí kò gbọdọ̀ gbà.
Ọ̀fẹ́ ni sọ́fíwíà wa, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú rẹ̀ wò,
ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kì í tún ara rẹ̀ ṣe.

Mo tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ronú díẹ̀,
ó da àṣìṣe mẹ́rìnlálénígba sí mi lójú
bí ẹni da yanrìn.
Eléyìí ní wọ́n ti yí orúkọ òun padà.
Tọ̀hún ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.
Mo tún ọ̀kan ṣe, mẹ́fà kú.
Mo tún òmíràn ṣe, mẹ́sàn-án jí.
Kọfí tutù. Ológbò sùn lórí ìwé owó iná.

Nígbà tó fi máa di aago méjì, ó ku ẹyọ kan:
ìlà kẹtàdínlógún nínú fáìlì rẹ,
ìlà kúkúrú kan
tí n kò rí iṣẹ́ tó ń ṣe.
Irinṣẹ́ tuntun kò mọ̀ ọ́n, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.
Bí mo bá pa á rẹ́, ohun gbogbo á di àwọ̀ ewé,
màá sì lọ sùn.
Ìka mi ti wà lórí rẹ̀
kí n tó rí ohun tí o kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
“Má fọwọ́ kàn án. Ìdí wà nínú ìwé.”

Ìwé wo, Heino?
Ìwé tí Itziar kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Bermeo lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé:
“Gbogbo ohun tó ní kí n ṣe ni mo ṣe, kò ṣiṣẹ́.
Ṣé èmi ni mo gọ̀ ni, àbí ìwé yín ló gbó?”
Ìwé tí ojú ewé kẹta rẹ̀ ṣì ń sọ fún àlejò
pé bí nǹkan bá le, kó kọ̀wé sí ọ,
wàá dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú.
Láti oṣù kẹsàn-án,
mélòó ni ilẹ̀ ti ṣú!

Mo kà á, mo kà á.
Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ti bá a,
lábẹ́ àkọlé “Oríṣiríṣi”, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé:

“Bí òtútù bá mú bátìrì ẹ̀rọ ìwọ̀n tó wà ní Abruka,
òdo ló máa ń fi ránṣẹ́.
Ìlà yìí ni kì í jẹ́ kí a ka òdo náà sí ìwọ̀n.
Òdo yẹn kò wí pé omi ṣófo,
kò wí pé yìnyín le.
Ó ní òun ò mọ̀ ni.
Ọmọ Vello ti jìn sómi kí a tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Wọ́n rí i fà yọ.”

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.
Níta, yìnyín ń ké bó ṣe máa ń ké lóru.

Mo kọ ìlà rẹ lọ́tun, ní èdè tí irinṣẹ́ tuntun gbọ́.
Ó ti di ìlà mẹ́rin báyìí, kò lẹ́wà tó tìrẹ.
Mo gbé ọ̀rọ̀ ọmọ Vello kúrò lẹ́yìn ìwé,
mo fi í sí ojú ewé àkọ́kọ́,
n kò yí lẹ́tà kan padà.

Ojú ewé kẹta ló pẹ́ jù.
Mo pa àdírẹ́sì rẹ rẹ́, mo dá a padà, mo tún un pa.
Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, mo kọ ọ́ báyìí:
“Bí nǹkan bá le, ẹ kọ̀wé sí Leelo.
Kò dájú pé yóò dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú.
Yóò dáhùn.”