Nọ́mbà Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Ní Ìṣarà, lẹ́yìn ilé Màmá Odùsínà,
yàrá kan wà tó gbóná bí abíyá.
Igba ẹyin ló sùn síbẹ̀.
Èmi ni mo kọ àṣẹ tí ń yí wọn,
ní Jáfásíkíríìpù, lórí kọ̀ǹpútà àlòkù
tí Ṣónúbi fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Kánádà.

Mo ní: ní wákàtí wákàtí, yí àwo.
setInterval gbọ́. Kò jiyàn, kò sì dá mi dúró.
Ó fi nọ́mbà lé mi lọ́wọ́, méje,
ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Méje kì í ṣe ẹyin,
kì í ṣe wákàtí, kì í ṣe mọ́tò.
Tálì alágbàfọ̀ ni:
ẹnìkan kì í wọ tálì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì,
ṣùgbọ́n lọ gba aṣọ láìmú un dání, kí o wò ó.

Wákàtí tí mo wí gan-an, ó máa ń lé díẹ̀.
Ẹnu kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ní;
bó bá ń jẹun lọ́wọ́, ìpè á dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Kódà kí n ní "òdo", kí n ní "báyìí báyìí",
á kọ́kọ́ gbé òkèlè ẹnu rẹ̀ mì.

setTimeout ni mo ní kó ṣọ́ ọjọ́ kejìdínlógún,
ọjọ́ tí a kì í yí ẹyin mọ́:
kó wo inú àpò tí mo fi nọ́mbà sí,
ẹni tó bá bá níbẹ̀, kó dá a dúró.

Ṣùgbọ́n Màmá tẹ "Bẹ̀rẹ̀". Kò dá a lójú.
Ó tún un tẹ̀.
Mẹ́jọ jókòó lé méje lórí nínú àpò.
Méje sọnù lọ́wọ́ mi,
kò sọnù lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ náà pé. Mẹ́jọ dákẹ́.
Màmá pè mí: "Àwo yìí ṣì ń yí o!"
Bí mo bá sọ ojú ìwé náà dọ̀tun, gbogbo wọn á kú,
ti ooru náà á kú.
Mo bá ń fọ́wọ́ tá: clearInterval, ọ̀kan. Kò sí nǹkan.
Èjì. Kò bínú, kò ní n kò mọ ẹni tí ò ń pè.
Ẹ̀ta: iná ooru kú pii!
Mo sáré tan òmíràn, ó gba nọ́mbà tuntun.
Ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà...
Ní méje, àwo dúró jẹ́ẹ́.

Màmá wò mí láti òkè dé ilẹ̀.
"Ṣé o kò kọ ọ́ síbì kan ni?"
Ó gbé ẹyin kan sókè síwájú iná:
ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin,
pẹ́ńsù, ọwọ́ ara rẹ̀.
Gbogbo wọn ló kọ bẹ́ẹ̀.