Kí A Tó Wọ Gbọ̀ngàn Kẹ́tẹ́rìn

Jẹun kó o tó jáde nílé, Àríyìíkẹ́.
Tíì inú gbọ̀ngàn yẹn gbówó lórí,
kéèkì rẹ̀ sì gbẹ bí èèpo igi.
Wọ bàtà pẹlẹbẹ. Símẹ́ńtì ni ilẹ̀ ibẹ̀,
a ó sì dúró títí orúnkún yóò fi máa pe orúkọ wa.

Fi àpò ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀ sínú ọkọ̀.
Lọ́dún kan, mo yíjú padà láti kí ènìyàn,
àpò mi gbá odindi ilé ìdáná kan lulẹ̀:
ìkòkò mẹ́rìnlá, síbí tí kò ju irun ìpéǹpéjú lọ,
búrẹ́dì tó kéré sí ẹyọ ẹ̀wà.
Lórí ìkúnlẹ̀ la ti ṣà wọ́n,
èmi àti Mọ́rìn tó ni tábìlì.
Ẹnu rẹ̀ ń sọ pé kò burú, kò burú;
ojú rẹ̀ ń sọ pé ó burú.

Tá a bá kọ́kọ́ yípo, ojú nìkan ni kó ra nǹkan.
Ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá ilé-ìwé.
Ohun tó bá ṣì ń pè ọ́ lẹ́yìn ogójì tábìlì,
òun ni tìrẹ. Ìyókù, ojúkòkòrò ni.

Kó o sì wọ̀n ọ́n! Mo bẹ̀ ọ́, wọ̀n ọ́n kó o tó sanwó.
Ẹsẹ̀ bàtà kan láyé wa, íǹṣì kan láyé tiwọn.
Mo ra ibùsùn onírin kan rí, ó dára lójú,
mo délé, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.
Mo ṣí òrùlé, mo gbé e gba òkè wọ yàrá,
ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.
O mọ ilé tí mò ń wí,
èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé mi, ilé bàbá mi n'Ípetumodù,
tí mo fi tíì kun páànù rẹ̀
kó lè dà bí èyí tó ti dípẹtà.

Má tijú láti béèrè.
Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbẹ́ àga tó lè jókòó sórí èékánná,
ṣé o rò pé kò fẹ́ kí wọ́n bi í léèrè?
Èmi bi bàbá kan, Wílífúrẹ́ẹ̀dì, ní bàsíà funfun elétí búlúù.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé,
àfi ìgbà tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó dákẹ́ wọ́ọ́rọ́.
Ó ní ìyá òun ní irú rẹ̀ ní Bánsílì,
ọmọ mẹ́fà, omi kan ṣoṣo, alẹ́ Sátidé.
Mo ní àwa márùn-ún ni, ojoojúmọ́ sì ni.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí pé,
"Níbo ló ti bó?"

Àríyìíkẹ́, ẹnìkan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Mo ní lápá òsì, lábẹ́ etí,
níbi tó ti já lọ́wọ́ mi létí odò,
tí mo jẹ pàṣán mẹ́fà nítorí rẹ̀.
Ó tọ́ àwọ̀ dúdú kan síbẹ̀, tín-ín-tín,
bí ẹni fi tìróò sójú ọmọ titun.
Pọ́n-ùn mẹ́rin ló gbà.

Wọn yóò fi ènìyàn kéékèèké hàn ọ́ níbẹ̀,
ìyá arúgbó, ọmọ ọwọ́, ọlọ́pàá. Má rà wọ́n fún mi.
Bàsíà wà lágbàlá, omi ti wà nínú rẹ̀,
n kò tíì lè fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Tábìlì Wílífúrẹ́ẹ̀dì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.
Tó o bá rí ẹlòmíràn níbẹ̀,
má bèèrè nǹkan kan, wá pè mí.
Mú owó kéékèèké dání, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gba káàdì.
Mú awò mi tí ń sọ nǹkan di ńlá.
Àti súwẹ́tà. Ibẹ̀ máa ń tutù.