Ọṣẹ Tí Kì Í Ṣọṣẹ́

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi fá irùngbọ̀n ọkùnrin Plomari,
apẹja, awakọ̀, ọkọ ìyàwó ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó,
gbogbo wọn, àfi àlùfáà, tí irùngbọ̀n tirẹ̀ jẹ́ ti Ọlọ́run.
Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá rẹ̀ ọ̀tún,
tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ,
ni mo wá mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí:
ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Èmi, Evanthia, tí n kò fá ju ojúgun ara mi lọ rí,
èmi ni mo gbé abẹ.
Mo ra fọ́ọ̀mù inú agolo ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Mitilíní.
O tẹ̀ ẹ́ lórí, ó hó yàà bí ẹni tí inú ń bí,
ó ń rùn bí ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Ní ọjọ́ kejì, ọrùn bàbá mi pọ́n bí tòmátì,
ìléròrò sú sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.
Mo yí agolo padà, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀:
ọ̀rọ̀ gígùn mọ́kànlélógún,
kò sí èyí tí ìyá-ìyá mi lè pè.
Ọṣẹ wo lèyí? Ọṣẹ́ ni.
Àmì ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n.

Mo mú ọ̀nà pọ̀n, ó di ṣọ́ọ̀bù Argyro.
"Àdánidá!" ni gbogbo páálí ibẹ̀ ń kígbe,
wọ́n ya ewé sára èyí, wọ́n ya oyin sára tọ̀hún.
Èyí tí wọ́n pè ní ti lẹ́mọ́ọ̀nù,
mo kà á títí, n kò bá lẹ́mọ́ọ̀nù níbẹ̀,
òórùn rẹ̀ nìkan ló wá.
Mo ra mẹ́rin: ti wàrà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ti ọ̀rá àgùntàn,
kírímù òróró álímọ́ńdì inú ìgò,
àti ọ̀kan tí kò ní páálí,
àwọ̀ rẹ̀ bí ewé gbígbẹ, ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
tí ọkọ Argyro fi òróró ólífì wọn sè,
tó gbé sórí pákó ní àjà ilẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án.
"Ó pẹ́ tó oyún," ni Argyro wí, "ó sì gbọ́ràn ju ọmọ lọ."

Mo tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni pàtẹ.
Mo fẹ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pa inú apá mi, kí n dúró di ọ̀la.
Bàbá na ọwọ́ òsì. Ó mú ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́,
ó yọ ahọ́n, ó tọ́ ọ wò.
Mo pariwo. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni.
Ó mi orí: rárá.
Ọṣẹ tí kò tíì jinná a máa ta ahọ́n,
ohun tó bá sì ta ahọ́n yóò jó ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Ẹ̀kọ́ yìí wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́,
kò bá ọ̀rọ̀ yòókù lọ.
Kírímù: ó tutọ́.
Ti àgùntàn: ó ronú, ó gbé e sápá kan.
Eléyìí tó sán, ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì,
ó dijú bí ẹni tó gbọ́ ohùn tó mọ̀.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àtijọ́ rò ó nínú abọ́.
Kò hó sókè. Ó kàn ń yọ̀ bí ara ẹja,
kò jọ ti agolo tó ń wú bí agbéraga.
Ojú tì mí. Mo ti fẹ́ dà á nù
nígbà tí ohùn kan dún bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí láti èṣí:
"Omi."
Mo sáré bu omi sínú ife, kó lè mu.
Ó wò mí bó ṣe máa ń wo ọmọ-iṣẹ́ tí kò gbọ́n,
ó fi ìka tọ́ka sí abọ́:
"Omi. Ẹ̀kán mẹ́ta."